Ilẹ̀kùn Ẹ̀gbẹ́ Dírẹ́bà

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá pé gíláàsì òun kò lọ sókè mọ́ ni pé kó pa rédíò, kó sì dákẹ́. Kì í dùn mọ́ wọn. Ẹni tó ti jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Costain wá sí Ìtìrẹ́, ẹjọ́ ló fẹ́ rò. Á ní máṣíìnì tó ń fa gíláàsì ló bàjẹ́. Á ní ẹnì kan tó mọ̀ nípa ọkọ̀ ti sọ fún òun pé máṣíìnì ni, kí n ṣáà pààrọ̀ rẹ̀. Tí o bá ti mọ ohun tó ń ṣe é, kí lo wá wá lọ́dọ̀ mi? N kì í sọ ọ́ síta ṣá. Mo máa ń wọlé jókòó sí àyè dírẹ́bà, màá gbé etí sún mọ́ ilẹ̀kùn, màá wá tẹ súwíìṣì.

Etí ló ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ọwọ́ tó dé e. Tí mo bá tẹ súwíìṣì tí n kò gbọ́ nǹkan kan, iná ni kò dé ibẹ̀. Ó lè jẹ́ pé fíúùsì ti jó, tàbí kí wáyà ti já níbi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí tó sì ń padé. Tó bá ń dún wùùù tí gíláàsì kò mira, okùn irin tó ń fà á ló já. Tó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, eyín ike inú máṣíìnì ti jẹ. Èyí tó máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni èyí tó ń lọ sókè pẹ̀lú ìkérora, bí arúgbó tó ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n á ní máṣíìnì ti rẹ̀. Irọ́ ni. Rọ́bà ni, rọ́bà onírun tó wà létí ilẹ̀kùn, tí gíláàsì ń gba inú rẹ̀ lọ sókè sódò. Tí eruku bá ti dí i, kò sí máṣíìnì tí kò ní kérora.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ Ìtìrẹ́ yìí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi. Ọkọ̀ mẹ́rin ló ń gbà, ó ní géètì, èyí tí mi ò bá sì rí ṣe tán á sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn mẹkáníìkì àdúgbò máa ń ṣe bíi pé iṣẹ́ gíláàsì kì í ṣe iṣẹ́, bíi pé ẹni tó ń tún dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ṣe kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń lẹ táyà. Mo ti bá wọn jà nítorí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo máa ń bínú, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé gíláàsì fún mi mọ̀ pé wàhálà náà kò ní padà wá. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú ni mo lọ mú màámi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n nílé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Èkó, ìjọ kékeré kan tó wà lẹ́yìn ilé wa ló gbà wọ́n lọ́wọ́ wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ààwẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba òróró. Èmi ò rí tiwọn rò. Ìyá tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣòwò, tó wá dẹni tó ń wo ògiri yàrá láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó tún ń dùn mọ́ wọn ni kí wọ́n máa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n máa ń ṣáájú mi débẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ti ṣí géètì, wọ́n á ti gbálẹ̀, wọ́n á tún ti fi aṣọ nu ara àwọn ọkọ̀ tó sùn. Tí mo bá dé, mo máa ń kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́. Mo rò pé ìmọ́tótó ni.

Ó wá ku bíi oṣù méjì kí àwọn ọmọ ilé-ìwé gba ìsinmi gígùn tí ìyá kan gbé jíìpù tòkunbọ̀ rẹ̀ wá. Òun ló ni ilé-ìwé aládàáni tó wà ní ọ̀nà kejì sí wa. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ń kérora. Bí mo ṣe gbọ́ ọ báyìí, mo mọ̀ pé rọ́bà ni. Ó ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ń kó àwọn ọmọ, pé gíláàsì wọn ò ṣí dáadáa, ooru sì ń pa àwọn ọmọ nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi yìí dán yín wò ná. Tó bá jọ mí lójú, ẹ̀yin lẹ máa ṣe bọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tá a bá gba ọlidé."

Mo fẹ́ bọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn. Mo fẹ́ wọn débi pé mo ti ń rí wọn lójú oorun, bọ́ọ̀sì mẹ́ta tí wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé sí lára, tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí gbogbo mẹkáníìkì tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ á máa gba iwájú wọn kọjá. Mo lọ sí ọjà Ládìpọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí mo ti ń ra rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Rọ́bà méjì ni mo rà, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, ọ̀kan fún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nítorí ìyẹn náà ti fẹ́ gbó. Mo tú ike tó bo inú ilẹ̀kùn, mo yọ ti àtijọ́, mo nu ojú ọ̀nà rẹ̀ gbẹ, mo fi tuntun sí i. Ọkọ̀ sùn lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí ìyá onílé-ìwé wá gbé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gíláàsì ń lọ bí ẹni ń da omi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó padà wá. Ìkérora náà ni. Mo tú ilẹ̀kùn, mo bá rọ́bà tuntun níbi tó ti wú, tó di gíláàsì mú bí ẹni di ọmọ tó fẹ́ sá mú. Máṣíìnì tó ń bá a fa gíláàsì ti jó. Ojú tì mí. Mo pààrọ̀ méjèèjì láìgba kọ́bọ̀, ọkọ̀ tún sùn lọ́dọ̀ mi, ó tún gbé e lọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí òjò fi ká a mọ́ Costain, tí gíláàsì dúró sí ìlàjì. Ó wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú aṣọ tó tutù láti èjìká títí dé orúnkún.

"Ọ̀gá, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé o. Àbẹ́gì, tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ sọ fún mi. Màá fi ọkọ̀ sílẹ̀ lónìí. Láàárọ̀ ọ̀la, kí n tó lọ ṣí ilé-ìwé, màá wá. Tí kò bá tíì dáa, màá gbé e lọ síbòmíì, òun àti bọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi kó pariwo.

Ibi tí mo ti ṣìwà hù kọ́kọ́ ni Ládìpọ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ bá ẹ̀gbọ́n tó ta rọ́bà fún mi, mo ju rọ́bà àkọ́kọ́ tó wú náà sórí káńtà rẹ̀ níṣojú àwọn oníbàárà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, fèéèkì lẹ ń tà fún mi!"

Ó gbé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó wo ojú mi. "Inú ẹrù kan náà ni gbogbo Mushin ti ń rà á. Kò sẹ́ni tó tíì dá a padà."

"Bóyá wọn ò létí bíi tèmi ni."

"Ó dáa. Ẹ máa lọ fi etí yín ra ọjà níbòmíì."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé kì í ṣe ọkọ̀ ìyá onílé-ìwé nìkan. Bàbá kan tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò tó bá pè é lórí fóònù ti padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà náà ni. Dígí ẹ̀gbẹ́ tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ fún arábìnrin kan ti já bọ́ sí títì. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: ojoojúmọ́ ni mò ń tú ohun tí mo ti tún ṣe. Fọganáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n wádìí ara mi, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ní kó lọ wádìí táyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo tiẹ̀ ti sọ fún màámi nídìí oúnjẹ pé gbogbo iṣẹ́ mi ló ń padà wá. Wọ́n fọwọ́ kan ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Má ṣèyọnu. Mò ń gbé e lọ síwájú Ọlọ́run. Màá tún fi kún un."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo tú ilẹ̀kùn jíìpù yẹn nígbà kẹta. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò ó. Mo wá rántí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Rọ́bà ọjọ́ kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà, ọwọ́ tèmi kan náà ló fi í sí i. Mo tẹ súwíìṣì rẹ̀: ó lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, kò kérora. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n Ládìpọ̀ ò jẹ̀bi. Mo ronú kan àwọn yòókù. Ti bàbá onífóònù, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Dígí arábìnrin yẹn, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sùn lọ́dọ̀ mi. Èyí tí mo bá ṣe tán tó lọ lọ́jọ́ kan náà, kò sí ìkankan tó padà wá.

Mo fa rọ́bà jáde, mo fún un láàárín ìka méjì. Nǹkan kan jáde lára rẹ̀, ó pọ́n díẹ̀, eruku ti pò mọ́ ọn bí ẹ̀kọ. Omi òjò kọ́ nìyẹn. Èmi náà kì í sì í fi òróró kankan sí rọ́bà onírun, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé á wú, á sì máa kó eruku mọ́ra. Mo gbé e sí imú. Mo mọ òórùn náà kí n tó rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Orí màámi ni, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Mo dá rọ́bà náà padà sí àyè rẹ̀, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣáájú wọn jí, mo lọ dúró sẹ́yìn géètì. Ojúmọ́ ti là nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n gbálẹ̀. Wọ́n nu ọkọ̀. Wọ́n wá tú ìṣẹ́tí ìró wọn, wọ́n yọ ìgò kékeré kan jáde, wọ́n dojú kọ ilẹ̀kùn dírẹ́bà jíìpù náà. Wọ́n fi ìka fa àmì àgbélébùú sórí gíláàsì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì rọra da ìyókù sí ẹsẹ̀ gíláàsì níbi tó ti ń wọ inú rọ́bà lọ. Wọ́n fi kún un bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Wọ́n tún fi díẹ̀ kan dígí ẹ̀gbẹ́.

Mo jágbe mọ́ wọn. "Màámi! Ẹ̀yin lẹ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́!" Fọganáísà yíjú. Mi ò dúró síbẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ́tá wà, mi ò mọ̀ pé inú ilé mi gan-an ni!"

Ìyá mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ẹyin lohùn, mo rí i níbi tó ti fọ́ sílẹ̀ láàárín wa. Wọ́n dé ìgò wọn, wọ́n jókòó sórí àpótí mi, wọ́n sì dojú kọlẹ̀. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ìbínú ò tíì jẹ́ kí n rí ẹnu fi sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá onílé-ìwé wọlé.

"Ọ̀gá, kí lẹ rí?"

Mo wo màámi. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ fún àlejò. Mo ní, "Iṣẹ́ mi ni kò dáa, mà. Mi ò wò ó dáadáa." Ẹnu mi korò bí mo ṣe ń sọ ọ́, nítorí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, mi ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Màámi dìde. "Irọ́ ló ń pa, ìyá. Èmi ni. Mo máa ń da òróró àdúrà sí i. Mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe rọ́bà ní nǹkan."

Ìyá onílé-ìwé wò wọ́n, ó wò mí. "Òróró? Sára ọkọ̀ tèmi? Kí ló dé, Màmá?"

Màámi fa ọwọ́ òsì mi, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ tà á. Wọ́n fi ìka kan àwọn àpá ibi tí gíláàsì ti gé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ wo èyí. Ẹ wo èyí. Èyí tó gùn yìí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà nígbà tí wọ́n fi fóònù pè mí pé gíláàsì iwájú ọkọ̀ gé e, pé ẹ̀jẹ̀ ò dá. Bàbá ẹ̀ wà lórí àìsàn, mi ò lè fi í sílẹ̀ wá. Ilẹ̀ ni mo sùn sí títí wọ́n fi pè mí pé wọ́n ti rán an. Láti ìgbà yẹn, gíláàsì ni mò ń bẹ̀. Bí a bá rí ẹni tó mú ọ̀bẹ dání, ṣebí òun là ń bẹ̀? Gíláàsì tó fẹ́ gé e, inú ọkọ̀ yín ló wà. Ibi tó máa ń jókòó sí tẹ nǹkan ni mo sì máa ń fi sí."

Èmi ò mọ̀ pé wọ́n pè wọ́n lọ́jọ́ náà. Mo ti sọ fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n má ṣe sọ fún ìyá mi. Gbogbo ìgbà tí mò ń rò pé iṣẹ́ mi ni wọ́n ń gbàdúrà fún, pé kí oníbàárà pọ̀, ìka mi ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Omi bọ́ lójú mi níwájú oníbàárà, mi ò sì nù ún.

Ìyá onílé-ìwé mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún un ṣe fún mi, Ọ̀gá. Màmá, ẹ má da nǹkan kan sí i mọ́, àbẹ́gì. Àdúrà ní tiẹ̀, ẹ máa gbà á lọ." Ó wọ ọ̀kadà lọ sí ilé-ìwé rẹ̀. Nígbà tí ọlidé dé, bọ́ọ̀sì kan ló gbé wá, kì í ṣe mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ rí i kó lo oṣù kan ná. Mi ò lè bá a jà sí i.

Lọ́jọ́ tí a mọ̀ pé òróró ni, mo lọ bẹ ẹ̀gbọ́n Ládìpọ̀. Mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, ó ní kí n bá òun sọ fún màmá kí wọ́n wá da díẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Rọ́bà tuntun tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ṣì wà lára jíìpù yẹn títí dòní.

Màámi ní tiwọn ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fúnra mi gbálẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n nílé, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ń lọ láàárọ̀, wọ́n á ṣe bíi pé àwọn ṣì ń sùn. Ó dùn mí gan-an. Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ jókòó létí bẹ́ẹ̀dì wọn.

Mo ní, "Màámi, èmi gan-an ni kí ẹ fi òróró náà sí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká fi gíláàsì ọlọ́kọ̀ sílẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n wá ìró wọn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sórí àpótí, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n da òróró sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n fi pa ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fi ọmọ lé aládùúgbò lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ àdúrà, mo sì ń ro ohun mìíràn. Ọwọ́ tí òróró wà lára rẹ̀ kò ṣeé gbé gíláàsì. Yóò yọ̀ bọ́, yóò fọ́, yóò sì gé mi. Gọ́ọ̀mù ò sì ní mú ohunkóhun tí mo bá fọwọ́ kàn. Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa tí màá fi yọ́ lọ sẹ́yìn ilé lọ fọ̀ ọ́, kí wọ́n má bàa rí mi.

Mo ṣe àmín, mo lajú. Wọ́n ti bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré sí iwájú mi, ọṣẹ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Ó ti gbọ́. Fọ̀ ọ́ kó mọ́ dáadáa."